Ìdí tí orúkọ àṣíborí sójà Róòmù fi ń da orí èèyàn rú, àti bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì

Tẹ́ ẹ bá wá àṣíborí sójà Róòmù àtijọ́ lórí Google, orúkọ rẹpẹtẹ lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé: Montefortino, Coolus, Agen, Port, Imperial Gallic G, Imperial Italic D, Weisenau, Hagenau, Niederbieber, Intercisa. Kẹ́ ẹ tó ka ìdajì ẹ̀, orí á ti máa fọ́ yín. Ẹlòmíì á rò pé ẹni tó dé Imperial Gallic G ní láti jẹ́ ọ̀gá fún ẹni tó dé Imperial Gallic A, ẹlòmíì á rò pé Weisenau yàtọ̀ sí Imperial Gallic pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àṣíborí kan náà ni wọ́n lè máa sọ. Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn àṣíborí yìí gan-an, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí i pé orúkọ lásán ló lé èèyàn sá, torí náà ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí sójà Róòmù kankan tó pe àṣíborí ẹ̀ ní Coolus tàbí Imperial Gallic rí láyé. Àwọn awalẹ̀pìtàn ayé ìsinsìnyí ló fún wọn lórúkọ, ibi tí wọ́n bá sì ti hú ọ̀kan jáde ni wọ́n sábà máa fi ń sọ ọ́. Montefortino wà ní Ítálì, itẹ́ òkú àwọn Senones ni wọ́n rí níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà Kẹ́lítì kan tó wá tẹ̀dó sí Ítálì. Coolus wà ní agbègbè Marne ní Faransé, Agen náà Faransé ni, Port wà ní Switzerland, Weisenau jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Mainz ní Jámánì, Niederbieber náà Jámánì ni, Intercisa sì ni orúkọ tí àwọn ará Róòmù ń pe ibi tó di Dunaújváros ní Họ́ngárì lónìí. Ẹ ronú búrẹ́dì Agége wò: tẹ́ ẹ bá rà á n'Íbàdàn tàbí ní Ìlọrin, ẹ ò ní sọ pé Agége ni wọ́n ti gbé e wá láàárọ̀ yẹn, orúkọ irú búrẹ́dì tó jẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Montefortino, wọ́n ti rí i ní Ítálì, wọ́n rí i ní Spéènì, wọ́n rí i ní Netherlands, orúkọ yẹn kàn ń sọ bó ṣe rí ni, kò sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́.

Ohun kejì tó ń fa wàhálà ni pé ètò ìsọ̀rí méjì ló wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn mu déédé. Ní 1975, H. Russell Robinson, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìhámọ́ra àtijọ́ sí ní Tower of London, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ìhámọ́ra Róòmù. Òun ló pín wọn sí Montefortino, Coolus, Imperial Gallic, Imperial Italic, tó tún ya tàwọn sójà ẹlẹ́ṣin sọ́tọ̀, tó wá fi létà tò wọ́n lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, A, B, C, lọ bẹ́ẹ̀. Imperial Gallic nìkan lọ láti A dé K. Létà yẹn ò jẹ́ ipò o, kò sì jẹ́ pé èyí dáa ju èyí lọ, bí bàbá yẹn ṣe tò wọ́n nínú ìwé ẹ̀ ni, láti èyí tó rò pé ó pẹ́ jù síbi èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará Jámánì àti ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù yòókù ní tiwọn lọ́tọ̀. Wọn ò ya Gallic àti Italic sọ́tọ̀, wọ́n kó méjèèjì pọ̀, wọ́n ní Weisenau ni gbogbo ẹ̀. Àwọn Coolus tí ẹ̀yìn wọn fẹ̀ dáadáa, Hagenau ni wọ́n ń pè wọ́n. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí àṣíborí kan tí mùsíọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì kọ Imperial Gallic sí, tí ìwé Jámánì wá kọ Weisenau sí abẹ́ fọ́tò ẹ̀, kò sí ẹni tó ṣì í kọ nínú àwọn méjèèjì.

Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ̀ wọ́n? Ẹ gbàgbé orúkọ ná, ẹ wo àṣíborí fúnra ẹ̀. Ẹ wo orí ẹ̀ lókè, ṣé kókó kan wà níbẹ̀, ṣé ara kan náà sì ni kókó yẹn àti agbárí ẹ̀ àbí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn, ibi tó bo ìpàkọ́ àti ọrùn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà jù: nínú àwọn tó pẹ́ jù, ètè tín-ín-rín báyìí ló máa yọ lẹ́yìn, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ni ètè yẹn ń fẹ̀, tó tún ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Ẹ wo iwájú bóyá ọ̀pá irin kan dábùú níbẹ̀ lókè ojú, èyí tó máa ń gba idà dúró tí wọ́n bá ṣá a láti òkè. Ẹ wá wo etí, ṣé wọ́n gé ihò fún un kí sójà lè gbọ́ àṣẹ, àbí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Awẹ́ méjì tó máa ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ sábà máa ń sọnù kí wọ́n tó hú àṣíborí jáde, torí híǹjì ló gbé wọn dúró, tí híǹjì bá ti jẹrà wọ́n ti lọ nìyẹn, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àṣíborí tẹ́ ẹ máa rí nínú gíláàsì ní mùsíọ́ọ̀mù fi dà bíi pé kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rí. Ó ní. Ó ti jábọ́ ni.

Montefortino ni ká kọ́kọ́ mú. Idẹ ni, agbárí ẹ̀ ga díẹ̀, ó sì ń ṣóńṣó lọ sókè, kókó tó wà lórí ẹ̀ sì jẹ́ ara kan náà pẹ̀lú agbárí, ìgbà tí wọ́n ń rọ ọ́ ni wọ́n ti rọ ọ́ pọ̀. Wọ́n sábà máa ń da òjé sínú kókó yẹn kí irin tó gbé ìyẹ́ dúró lè ríbi gún sí. Ètè ẹ̀yìn ẹ̀ kéré gan-an. Láti nǹkan bíi sẹ́ńtúrì kẹrin sí ìkẹta ṣáájú Kristi ló ti wà lórí àwọn sójà Róòmù, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ inú sẹ́ńtúrì kìíní lẹ́yìn Kristi, ìyẹn ni pé ayé ogun Hannibal, ọ̀gágun tó bá Róòmù jà, ti kọjá, ayé Julius Caesar ti kọjá, Montefortino ṣì wà lórí ẹlòmíì. Polybius, ará Gíríìsì tó kọ̀wé nípa ọmọ ogun Róòmù ní sẹ́ńtúrì kejì ṣáájú Kristi, sọ pé ìyẹ́ mẹ́ta ni wọ́n máa ń fi sórí ẹ̀, ìyẹ́ aláwọ̀ àlùkò tàbí dúdú, tó nàró, tó sì ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí sójà lè dà bí ẹni tó ga ju bó ṣe rí lọ, kí ẹ̀rù sì ba ọ̀tá. Ohun tó jọ mí lójú jù níbẹ̀ ni pé ọwọ́ àwọn Kẹ́lítì, àwọn ọ̀tá wọn gan-an, ni àwọn ará Róòmù ti gba irú àṣíborí yìí. Wọ́n bá wọn jà, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n dé sórí dáa, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ó tún máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi Coolus ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í. Idẹ lòun náà, ṣùgbọ́n agbárí ẹ̀ rí róbótó, kò ṣóńṣó. Kókó orí ẹ̀, tó bá ní rárá, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe é tí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ètè ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀ ju ti Montefortino lọ dáadáa, ọ̀pá iwájú yẹn náà sì ti máa ń wà lára àwọn tó wá lẹ́yìn. Tí àṣíborí bá ti rí róbótó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀, tí iwájú ẹ̀ ní ọ̀pá, tí kò wá sí irun ìpéǹpéjú kankan tí wọ́n yà sí i, Coolus lẹ máa kọ́kọ́ rò. Sẹ́ńtúrì kìíní ṣáájú Kristi àti sẹ́ńtúrì kìíní lẹ́yìn Kristi ni ayé ẹ̀.

Coolus kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo rọ gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ pé kó wá a lọ, kó sì wo ètè ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa. Orúkọ èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi irin ṣóńṣó lu ní tótòtó, ọ̀kan ń jẹ́ Rufus, òmíì ń jẹ́ Aulus Saufeius, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá tí sójà wà lábẹ́ ẹ̀ sí i. Ìyẹn ni pé àṣíborí kan ṣoṣo yẹn ti gba ọwọ́ ó kéré tán èèyàn mẹ́rin, bí ti ọ̀kan ṣe parí ni òmíì ń gbà á. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, torí owó ni sójà fi ń gba ìhámọ́ra. Tacitus, òpìtàn Róòmù kan, kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn sójà dìtẹ̀ ní Pannonia, agbègbè kan lábẹ́ Róòmù, ní ọdún 14 lẹ́yìn Kristi, ara ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí ni pé nínú owó iṣẹ́ wọn tí ò tó nǹkan náà ni wọ́n ti ń san owó aṣọ, owó ohun ìjà àti owó àgọ́. Ẹni tó bá sì fi owó ẹ̀ gbà á á kọ orúkọ sí i, kí aládùúgbò má bàa gbé e. Ohun tí èyí wá túmọ̀ sí fún àwa tá à ń pín wọn sí ìsọ̀rí ni pé irú àṣíborí kan ò lè sọ ọdún pàtó fún wa. Ẹ lè rí Montefortino, Coolus àti Imperial nínú ẹgbẹ́ ogun kan náà lọ́jọ́ kan náà, torí kò sí ọjọ́ kankan tí ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn lọ pààrọ̀ àṣíborí.

Agen àti Port, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Irin ni wọ́n, àwọn ará Gaul, ilẹ̀ tó di Faransé àti àyíká ẹ̀ lónìí, ló ni wọ́n, láyé ìgbà tí Caesar ń bá wọn jagun, ìyẹn láti 58 títí di nǹkan bíi 50 ṣáájú Kristi. Agen ní etí tó yọ síta yípo bíi ti fìlà oòrùn, Port ò ní ìyẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ bo ìpàkọ́. Ìdí tí mo fi dárúkọ wọn ni pé àwọn ni baba àwọn Imperial. Nígbà tí Gaul di ti Róòmù, àwọn alágbẹ̀dẹ Gaul tí ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́ irin dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àṣíborí fún àwọn tó ṣẹ́gun wọn. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tó tún ṣẹlẹ̀.

Imperial Gallic wá ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lójú, tí àwọn tó ń ṣeré sójà Róòmù ní Yúróòpù máa ń dé jù. Irin ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì jẹ́ idẹ. Àmì tí kò ṣeé ṣì ni irun ìpéǹpéjú méjì tí wọ́n yà síwájú, tí wọ́n lù ú láti inú kó lè yọ síta. Ẹ̀yìn ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gan-an, àwọn ìlà tó yọ bíi àtẹ̀gùn wà níbi ìpàkọ́, ètè ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì máa ń fi òrùka sára ètè yẹn kí sójà lè fi gbé e kọ́. Wọ́n gé ihò etí, wọ́n wá fi awẹ́ kékeré kan bo òkè etí kí idà má bàa yọ̀ bọ́ sí i. Àwọn bọ́tìnnì idẹ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ sì máa ń wà lára ẹ̀. Tí ẹ bá fojú inú wo ìjà tí wọ́n ń jà, ẹ máa rí i pé gbogbo ẹ̀ ló ní ìdí: sójà á wà lẹ́yìn apata ńlá, á tẹ̀ síwájú díẹ̀, idà ọ̀tá á máa bọ̀ láti òkè, tó bá bá orí, ọ̀pá iwájú á dá a dúró, tó bá yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, awẹ́ etí á lé e lọ, tó bá sì kọjá sẹ́yìn, ètè ẹ̀yìn á gbà á kó má bàa kan ọrùn àti èjìká.

Imperial Italic jọ ọ́ gan-an, kódà tẹ́ ẹ bá rí méjèèjì lókèèrè ẹ lè má mọ ìyàtọ̀. Ẹ sún mọ́ ọn. Tí kò bá sí irun ìpéǹpéjú, tí ibi tí wọ́n ń fi ìyẹ́ sí lórí ẹ̀ sì jẹ́ àwo róbótó kan tí wọ́n máa ń ki nǹkan bọ̀ tí wọ́n á wá yí i kó lè há, ó ṣeé ṣe kí Robinson ti kó o sí Italic. Ó gbà pé àwọn alágbẹ̀dẹ Ítálì ló ń ṣe ìwọ̀nyẹn, tí wọ́n ń wo iṣẹ́ àwọn ará Gaul ṣe tiwọn. Ojú tèmi ni pé ibi yìí ni àwọn ará Jámánì ti jàre díẹ̀, torí ìyàtọ̀ yẹn kéré, àṣíborí kan sì lè ní àmì méjèèjì lára, tó bá wá di pé èèyàn méjì ń jà lórí bóyá Gallic ni àbí Italic, ẹ lè sọ fún wọn pé Weisenau ni, kí wọ́n lọ jókòó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Éfésù orí kẹfà, níbi tí wọ́n ti ní ká mú àṣíborí ìgbàlà àti idà Ẹ̀mí, irú àṣíborí tó wà lórí sójà Róòmù láyé àwọn àpọ́sítélì nìyí, àwọn Coolus ìkẹyìn àti àwọn Imperial yìí. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ yẹn kà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ti rí i lójú ọ̀nà: ohun tó bo agbárí, tó bo ìpàkọ́, tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tó wá fi ojú, imú àti ẹnu sílẹ̀ gbangba. Àwọn àwòrán tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tó bo gbogbo ojú pẹ̀lú irin, ìhámọ́ra Yúróòpù ni, ó sì fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wá lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ó kù kí n sọ nípa irin àgbélébùú tó wà lórí àwọn Imperial kan. Ẹ máa rí irin méjì tó dábùú ara wọn lórí agbárí, tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn so ó mọ́ ogun tí olú ọba Trajan bá àwọn ará Dacia jà, ní 101 sí 102 àti 105 sí 106, níbi tó di Ròmáníà lónìí. Àwọn ará Dacia ní idà kan tó tẹ̀ kọdọrọ, falx ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń mú un, tó bá balẹ̀ lórí àṣíborí láti òkè ó lè là á. Ohun tó mú kéèyàn gbà wọ́n gbọ́ ni àwọn àṣíborí tó jẹ́ pé ó hàn gbangba pé wọ́n ti ṣe é tán kí wọ́n tó fi irin kún un. Ọ̀kan wà tí wọ́n rí lágbègbè Hébúrónì, tó wà ní Israel Museum ní Jerúsálẹ́mù báyìí, Imperial Italic G ni Robinson pè é, ó ní ẹ̀ṣọ́ idẹ tó rí bí oṣù lára, irin àgbélébùú sì wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà ogun Bar Kokhba, nígbà tí àwọn Júù ṣọ̀tẹ̀ sí Róòmù, 132 sí 135, ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tó yá, kò tún sí pé wọ́n ń fi kún un lẹ́yìn mọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyẹ́ orí ńkọ́? Ẹ má fi ṣe àmì ìsọ̀rí rárá, torí ó ṣeé yọ. Caesar fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn Nervii, ẹ̀yà kan ní Gaul, ká àwọn sójà ẹ̀ mọ́ lójijì ní 57 ṣáájú Kristi, àyè ò sí láti fi àmì ìdánimọ̀, irú bí ìyẹ́, sára, àyè ò tiẹ̀ sí láti dé àṣíborí tàbí láti bọ́ àpò kúrò lára apata. Ìyẹ́ lè sọ ipò, kò sọ irú àṣíborí. Tó bá dábùú láti etí kan sí èkejì, ti centurion nìyẹn, ọ̀gá tó ń darí bí ọgọ́rin sójà. Ó wà lára òkúta sàréè T. Calidius Severus tí wọ́n rí ní Carnuntum ní Austria, wọ́n gbẹ́ àṣíborí ẹ̀ sí i pẹ̀lú ìyẹ́ tó dábùú.

Àwọn èyí tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù ńkọ́, tó ní bèbè tó ṣóńṣó sókè níwájú bíi adé? Lára àwọn àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní Róòmù àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àwọn agbẹ́kùúta tó gbẹ́ wọn fẹ́ kí sójà wọn rí bíi akọni Gíríìkì àtijọ́, wọ́n wá ya irú tí wọ́n ń pè ní Attic sí wọn lórí. Ohun tí wọ́n ń hú jáde nínú ilẹ̀ ò bá ìyẹn mu. Bákan náà ni èyí tó ní etí fífẹ̀ yípo, tí irin oníhò bo gbogbo ojú ẹ̀: àwọn gladiator, ìyẹn àwọn tó ń jà kí èèyàn lè wòran, ló ni ín. Wọ́n hú púpọ̀ ẹ̀ jáde ní Pompeii, ìlú tí òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní 79, wọ́n wà ní mùsíọ́ọ̀mù Naples. Ìran wíwò ni wọ́n ṣe é fún, sójà kankan ò gbé e lọ sógun.

Tàwọn sójà ẹlẹ́ṣin lẹ́wà jù lójú tèmi. Àmì wọn ni pé awẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bo etí mọ́lẹ̀ pátápátá, nígbà míì wọ́n á tiẹ̀ ya etí sí i lára irin, ètè ẹ̀yìn ẹ̀ kì í sì í yọ síta púpọ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé tí ẹṣin bá gbé èèyàn ṣubú, ètè tó fẹ̀ lè ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn kan ní irun tí wọ́n fín sára agbárí, tó wé bíi irun orí gidi. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn tó ní ìbòjú tó rí bí ojú èèyàn, èyí tí Robinson kó sábẹ́ àṣíborí eré, torí Arrian tó kọ̀wé láyé olú ọba Hadrian ṣàlàyé bí àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe máa ń dé e níbi ìdíje. Ọmọdé kan tó ń ṣeré ló rí èyí tí wọ́n ń pè ní Ribchester ní 1796, ó wà ní British Museum. Ti Crosby Garrett, ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin kiri oko ló rí i ní Cumbria ní 2010, wẹ́wẹ́ ló bá a, wọ́n tún un tò, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo ní October ọdún yẹn ní owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Ó dùn mí pé ọwọ́ aládàáni ló bọ́ sí, torí ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ò lè lọ wò ó nígbà tó bá wù ú bíi ti Ribchester. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìbòjú kan wà tí wọ́n rí ní Kalkriese ní Jámánì, irin tí wọ́n fi fàdákà bò, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbà pé ogun ti pa ọ̀pọ̀ sójà Varus, ọ̀gágun Róòmù kan, ní ọdún 9 lẹ́yìn Kristi. Kí ni ìbòjú eré ń wá lójú ogun? Títí di ìsinsìnyí àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e.

Irú iyàn bẹ́ẹ̀ wà lórí Niederbieber náà. Ó jẹ́ ti nǹkan bí ìparí sẹ́ńtúrì kejì àti sẹ́ńtúrì kẹta, ó jin gan-an, ó bo etí, ó bo ọrùn, awẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ fẹ̀ débi pé ojú, imú àti ẹnu nìkan ló kù síta, irin àgbélébùú sì máa ń wà lórí ẹ̀. Robinson ní tàwọn ẹlẹ́ṣin ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ní rárá o, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn náà dé e. Èmi fara mọ́ àwọn wọ̀nyí. Tẹ́ ẹ bá wá rí i níbì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí àṣíborí ẹlẹ́ṣin, ẹ mọ̀ pé ètò Robinson ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Láti nǹkan bí ìparí sẹ́ńtúrì kẹta, ohun gbogbo yí padà. Tẹ́lẹ̀, irin kan ṣoṣo ni wọ́n ń lù títí á fi di agbárí, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó fẹ́ alágbẹ̀dẹ tó mọ ọwọ́ ẹ̀. Ní báyìí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlàjì méjì, wọ́n á pa wọ́n pọ̀, wọ́n á wá fi irin gbọọrọ kan tó yọ sókè kàn wọ́n láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Irin tó yọ sókè yìí ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ dá wọn mọ̀ lójú kan náà. Ó yá láti ṣe, ó sì bá àkókò tí ìjọba fúnra ẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ìhámọ́ra sílẹ̀ káàkiri mu. Níbo ni wọ́n ti rí i kọ́? Àwọn ará Páṣíà ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí, torí ní Dura-Europos ní Síríà, ìlú tí àwọn ará Páṣíà gbà lọ́wọ́ Róòmù ní nǹkan bíi 256, wọ́n rí àṣíborí oníìlàjì méjì kan nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ odi ìlú, ó sì dà bíi pé ti sójà Páṣíà tó kú síbẹ̀ ni.

Nínú àwọn yìí, Intercisa ló rọrùn jù. Awẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ò ní híǹjì, aṣọ tàbí awọ tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n rán an mọ́, ihò etí ẹ̀ sì jẹ́ ìdajì lára agbárí, ìdajì lára awẹ́. Berkasovo ló gbówó lórí jù, wọ́n fi òrùka irin yí ìsàlẹ̀ agbárí ẹ̀ po, ó ní irin tó sọ̀ kalẹ̀ bo imú, awẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ sì fẹ̀. Ní Sẹ́bíà ni wọ́n ti rí méjì tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ní 1955, ọ̀kan nínú wọn kún fún gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n ṣe bí òkúta iyebíye. Èyí tí wọ́n rí ní Deurne ní Netherlands ní 1910 wà nínú ìdílé kan náà. Ilẹ̀ àbàtà ló ti jáde, irin inú ẹ̀ ti jẹrà tán, èèpo fàdákà tí wọ́n fi wúrà pa ló kù, ó sì ṣì dúró bí orí èèyàn ṣe rí. Ẹ lè lọ wò ó ní mùsíọ́ọ̀mù Leiden. Orúkọ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ni ín wà lára ẹ̀, Stablesiani kẹfà.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni spangenhelm dé, tó jẹ́ pé awẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀. Nígbà yẹn, ará Róòmù ń dé e, àwọn ẹ̀yà Goth ń dé e, àwọn ẹ̀yà Frank náà ń dé e, tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú gíláàsì, ẹ ò lè fi àṣíborí nìkan mọ ẹni tó ni ín, àfi kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ nípa ibi tí wọ́n ti hú u àti ohun tó wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú ilẹ̀.